Àmì kan ṣoṣo: ìdí tí ẹjọ́ Felipe Massa lórí Formula 1 ọdún 2008 kò fi tíì tán

Ọdún 2008 ni wọ́n sá eré náà, ẹjọ́ rẹ̀ sì tún gba iwájú adájọ́ ní London lọ́dún 2025. Ẹni tí kì í wo Formula 1 lè máa ṣe kàyéfì. Wọ́n ti gbé ife fún ẹni tó gbà á, ẹni tó pàdánù ti fi Formula 1 sílẹ̀ láti ọdún 2017, ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún eré ọ̀hún sì ti dàgbà tó ẹni tó ń kọ WAEC. Kí ló tún kù tí wọ́n ń fà?

Ohun tó kù ni pé ní ọjọ́ 20 oṣù Kọkànlá ọdún 2025, Adájọ́ Robert Jay ti Ilé Ẹjọ́ Gíga gé ẹjọ́ tí Felipe Massa pè sí méjì: ó da apá kan nù, ó ní kí apá kejì máa lọ sí ìgbẹ́jọ́. Massa, ọmọ Brazil tó ń wa ọkọ̀ Ferrari nígbà náà, ló pe FIA tó ń ṣàkóso eré ìje ọkọ̀ lágbàáyé, iléeṣẹ́ Formula One Management tó ń bójú tó òwò eré náà, àti Bernie Ecclestone tó jẹ́ ọ̀gá ìdí òwò ọ̀hún fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ̀sùn rẹ̀ ni pé wọ́n mọ̀ pé màgòmágó wà nínú eré kan lọ́dún yẹn, wọ́n sì panu mọ́. Owó tí ìròyìn sọ pé ó ń béèrè tó mílíọ̀nù 64 pọ́ùn.

Nínú àríyànjiyàn tó ń lọ lórí ọ̀rọ̀ yìí, ẹgbẹ́ kan á ní wọ́n ja Massa lólè ife. Ẹgbẹ́ kejì á ní ẹni tó yí gbirigbiri nínú òjò ló wá ń wá owó lọ́jọ́ ogbó. Lójú tèmi, àwọn méjèèjì ò kà á dé ìdí. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ta ló yára jù. Ọjọ́ wo gan-an ni àwọn ọ̀gá mọ̀? Orí ìbéèrè yẹn ni gbogbo ẹjọ́ náà dúró lé, ẹ ó sì rí ìdí rẹ̀.

Ọdún tí àwọn méjì ń ti ife síra wọn

Eré 18 ni wọ́n sá lọ́dún 2008. Ipò kìíní gba àmì 10, ìkejì 8, ìkẹta 6, lẹ́yìn náà 5, 4, 3, 2, 1, títí dé ipò kẹjọ. Ẹni tó bá ṣe ipò kẹsàn-án, iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ló ṣe.

Lewis Hamilton jẹ́ ọmọ ọdún 23, ọmọ Stevenage nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí àwọn òbí bàbá rẹ̀ wá láti Grenada. Òun nìkan ni aláwọ̀ dúdú tó ń wa ọkọ̀ nínú Formula 1. Ọdún tó ṣáájú, tí í ṣe ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀, àmì kan péré ni Kimi Raikkonen ti Ferrari fi gba ife mọ́ ọn lọ́wọ́, 110 sí 109. Nígbà tí wọ́n ń dán ọkọ̀ wò ní Barcelona ní oṣù Kejì ọdún 2008, àwọn òǹwòran kan kun ojú ara wọn dúdú, wọ́n wọ irun àtọwọ́dá, wọ́n ní àwọn ni ẹbí Hamilton. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí àwa aláwọ̀ dúdú, títí kan àwa tí kò mọ̀yàtọ̀ láàárín gíà àti búréèkì ọkọ̀ náà, fi ń bá ọmọ yẹn gbàdúrà lọ́dún ọ̀hún, ibẹ̀ ni kó ti wò ó.

Massa ń bọ̀ láti São Paulo. Kò sẹ́ni tó retí pé òun ni yóò ṣáájú ní Ferrari, torí Raikkonen tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ife wà nínú ilé kan náà pẹ̀lú rẹ̀.

Àwọn méjèèjì ṣe àṣìṣe tó pọ̀. Ẹ́ńjìnnì Massa kú ní Ọsirélíà. Ní Malaysia, òun fúnra rẹ̀ ló yí kúrò lójú ọ̀nà. Ní Silverstone, nínú òjò, ìgbà márùn-ún ni ọkọ̀ rẹ̀ yí po, ó ṣe ipò kẹtàlá, nígbà tí Hamilton fi ohun tó ju ìṣẹ́jú kan lọ ṣáájú ẹni tó ṣe ìkejì. Hamilton náà ò sàn jù ú lọ. Ní Bahrain, ó kọ lu ẹ̀yìn ọkọ̀ Fernando Alonso. Ní Kánádà, iná pupa ń tàn lẹ́nu ọ̀nà àbájáde, Raikkonen àti Robert Kubica dúró bó ṣe yẹ, Hamilton ò tètè rí i, ó lọ sọ ara rẹ̀ mọ́ Raikkonen lẹ́yìn. Iná pupa o! Ohun tí LASTMA ń mú èèyàn fún l'Ékòó.

Eré méjì wà tó yẹ kéèyàn fi sọ́kàn. Àkọ́kọ́ ni ti Hungary, níbi tí Massa ti ń ṣíwájú gbogbo wọn tí èéfín fi bo ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀ nígbà tó ku ìyípo mẹ́ta péré. Ìkejì ni ti Belgium. Hamilton ló kọ́kọ́ dé ìlà, ṣùgbọ́n àwọn adarí eré ní ó gba ọ̀nà ẹ̀bùrú ní kọ́nà kan kó tó kọjá Raikkonen, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó dá ipò náà padà kó tó tún gbà á. Wọ́n fi ìṣẹ́jú-àáyá 25 kún àkókò rẹ̀. Ó já wá sí ipò kẹta, Massa tó ṣe ìkejì sì di ẹni tó gba eré.

Lẹ́yìn Monza, níbi tí Sebastian Vettel ọmọ ọdún 21 ti ya gbogbo ayé lẹ́nu, Hamilton ní àmì 78, Massa ní 77. Eré tó kàn ni Singapore.

Ògiri kan ní Singapore

Ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án ni, eré àkọ́kọ́ tí Formula 1 máa sá lóru. Wọ́n to iná mọ́ gbogbo ojú títì Marina Bay débi pé ọ̀sán fẹ́ má mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ojú títì ìgboro ni, ògiri wà lọ́tùn-ún, ògiri wà lósì, kò rọrùn láti kọjá ara ẹni. Massa ló wà níwájú nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, ó sì ń sá fún Hamilton lọ.

Alonso, tó wà ní Renault nígbà náà, bẹ̀rẹ̀ láti ipò kẹẹ̀ẹ́dógún torí ọkọ̀ rẹ̀ bàjẹ́ nígbà tí wọ́n ń du ipò. Epo díẹ̀ ni wọ́n bù sínú ọkọ̀ rẹ̀. Ní ìyípo kejìlá, ó ti yà wọlé láti bu epo àti láti pààrọ̀ táyà. Èyí ò bọ́gbọ́n mu lójú ẹnikẹ́ni: ẹni tó wà lẹ́yìn, tó tún wá lọ dúró bu epo kí ẹnikẹ́ni tó dúró, ẹ̀yìn pátápátá ni yóò bọ́ sí.

Ní ìyípo kẹrìnlá, Nelson Piquet kékeré, tí òun àti Alonso jọ ń wa ọkọ̀ Renault, lọ sọ ọkọ̀ mọ́ ògiri lẹ́yìn kọ́nà kẹtàdínlógún. Kò sí kíréènì nítòsí tí yóò gbé ọkọ̀ náà kúrò kíákíá, ni wọ́n bá rán ọkọ̀ ààbò jáde, èyí tí wọ́n ń pè ní safety car, pé kí gbogbo wọn rọra tò tẹ̀ lé e.

Òfin ọdún yẹn ló mú kí ògiri yìí wúlò. Bí ọkọ̀ ààbò bá ti jáde, wọ́n á ti ọ̀nà ibi tí wọ́n ti ń bu epo títí gbogbo ọkọ̀ yóò fi tò pọ̀ sẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó ti bu epo tẹ́lẹ̀ ti bọ́ nìyẹn. Ẹ wò ó bíi búkà ọ̀sán: ẹni tó tètè jẹun ti ń nu ẹnu, wọ́n wá ti ilẹ̀kùn, nígbà tí wọ́n sì ṣí i, gbogbo èrò rọ́ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Alonso ni ẹni tó ti jẹun. Ebi ti pa àwọn kan débi pé wọ́n wọlé nígbà tí ilẹ̀kùn ṣì wà ní títì. Nico Rosberg wà lára wọn, wọ́n sì fìyà jẹ ẹ́ fún un, síbẹ̀ ó ṣe ipò kejì.

Nígbà tí ọ̀nà ṣí, Massa wọlé, Raikkonen tò sẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ tó kù ní ẹnì kan tó máa ń di pátákó mú níwájú awakọ̀, tí á gbé e sókè tí gbogbo nǹkan bá ti parí. Ferrari ní tiwọn ń lo iná bíi ti oríta: pupa, dúró, ewé, máa lọ. Iná ewé tàn. Massa tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n rọ́bà epo ṣì wà lẹ́nu táńkì. Ó fà á já, ó gbá mẹkáníìkì kan ṣubú, ó sì ń wọ́ rọ́bà náà tẹ̀ lé ara rẹ̀ bí ìrù. Ó dé ìparí ọ̀nà náà kó tó dúró. Ó jókòó síbẹ̀ nínú ọkọ̀, kò rí nǹkan kan ṣe, nígbà tí àwọn mẹkáníìkì Ferrari nínú aṣọ pupa wọn ń fi ẹsẹ̀ sáré kọjá ìsọ̀ àwọn ẹgbẹ́ mìíràn, ọ̀kan tẹ̀ lé ìkejì, kí wọ́n lè wá fa rọ́bà náà yọ. Wọ́n tún fìyà jẹ ẹ́ pé ó jáde lọ́nà tó léwu. Ó ṣe ipò kẹtàlá, òdo àmì. Hamilton ṣe ìkẹta, ó gba 6. Alonso ló gba eré.

Ní alẹ́ yẹn, gbogbo ayé ń yin Renault pé orí wọn pé. Ẹni tó fura náà rẹ́rìn-ín, ó gbé e jù sílẹ̀.

Ìṣẹ́jú-àáyá méjìdínlógójì

Ti Interlagos ní São Paulo, eré tó kẹ́yìn ọdún náà, ní ọjọ́ 2 oṣù Kọkànlá, ni gbogbo èèyàn mọ̀, nítorí náà mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Àmì méje ni Hamilton fi ṣíwájú. Bí Massa bá gba eré nílé ara rẹ̀, ipò karùn-ún ti tó Hamilton. Massa gbà á lóòótọ́, kò sì sí àbùkù kankan nínú bó ṣe wakọ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ku ìyípo díẹ̀, òjò tún dé. Ọ̀pọ̀ wọlé lọ pààrọ̀ táyà, Timo Glock ti Toyota ò pààrọ̀. Vettel kọjá Hamilton, ó tì í sí ipò kẹfà. Bí Massa ṣe kọjá ìlà, bàbá rẹ̀ àti gbogbo ìsọ̀ Ferrari ń fò, wọ́n ń dì mọ́ra wọn: ọmọ wọn ti gba ife àgbáyé.

Ó gbà á fún nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 38. Ní kọ́nà tó kẹ́yìn, táyà tí wọ́n ṣe fún ilẹ̀ gbígbẹ ń yọ̀ lábẹ́ Glock, Hamilton kọjá rẹ̀, ó di ipò karùn-ún mú. 98 sí 97. Àwọn kan ṣì ń pe Glock ní ẹni tó ta eré. Ọ̀rọ̀ tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni, torí Jarno Trulli tí wọ́n jọ wà ní Toyota, tí òun náà ò pààrọ̀ táyà, ń fà gìrọ́gìrọ́ bíi tirẹ̀. Massa gun orí pèpéle, omi lójú, ó ń fi ọwọ́ lu àyà.

Lẹ́yìn tí wọ́n lé ọmọ náà

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Irọ́ Singapore ò tilẹ̀ lò tó ọdún kan gbáko. Lẹ́yìn eré Hungary ní oṣù Keje ọdún 2009, Renault lé Piquet kékeré kúrò. (Òpin ọ̀sẹ̀ kan náà ni irin sípíríǹgì tó já kúrò lára ọkọ̀ Rubens Barrichello gbá Massa lórí, tó fi dèrò ilé ìwòsàn, tí kò sì wa ọkọ̀ mọ́ lọ́dún náà.) Piquet lọ bá FIA, ó ní àwọn ọ̀gá ló ní kí òun lọ kọ lu ògiri.

Ohun tó kọ sílẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí ahọ́n lásán. Ó ní Pat Symonds, ọ̀gá àwọn ẹnjiníà, mú òun lọ sí kọ̀rọ̀ kan, ó na ọwọ́ sí kọ́nà náà gan-an lórí máàpù, torí pé kò sí kíréènì níbẹ̀. Wọ́n tún gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú rédíò ọkọ̀, tó ń béèrè ìyípo tí wọ́n wà léraléra, bí ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́ tí kò fẹ́ gbàgbé àkókò.

Renault ní àwọn ò ní bá FIA jiyàn. Flavio Briatore, ọ̀gá ẹgbẹ́ náà, àti Symonds fi ipò sílẹ̀. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2009, ìgbìmọ̀ FIA jókòó ní Paris: wọ́n fòfin de Briatore láìlópin, wọ́n fòfin de Symonds fún ọdún 5. Ti Renault fúnra rẹ̀ jẹ́ lílé jáde tí wọ́n so rọ̀ títí di òpin ọdún 2011, ìyẹn ni pé pàṣán tí wọ́n gbé sókè ni, wọn ò nà án. Wọ́n ní kò sí ẹ̀rí pé Alonso mọ̀ sí i. Briatore ò gbà pé òun jẹ̀bi, ilé ẹjọ́ kan ní Faransé sì fagi lé ìyà méjèèjì ní oṣù Kìíní ọdún 2010, torí pé ọ̀nà tí FIA gbà dá ẹjọ́ náà ò bófin mu. Àwọn àti FIA yanjú rẹ̀ láàárín ara wọn lẹ́yìn ìyẹn.

Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan èsì eré. Títí dòní, ẹ ṣí ìwé àkọsílẹ̀ Formula 1, Alonso ni wọ́n kọ síbẹ̀ pé ó gba Singapore 2008. Briatore ti padà sínú Formula 1: ọdún 2024 ni wọ́n mú un ṣe agbaninímọ̀ràn ní Alpine, ẹgbẹ́ tó jẹ́ ti Renault. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín lè rẹ́rìn-ín.

Ẹnu òfòrò

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyẹn títí di oṣù Kẹta ọdún 2023, tí Ecclestone bá àwọn oníròyìn kan sọ̀rọ̀. Ó ní nínú ọdún 2008 gan-an ni òun àti Max Mosley, ààrẹ FIA nígbà náà, ti gbọ́ nípa ògiri yẹn, pé àwọn pinnu láti má ṣe nǹkan kan kí ìtìjú ńlá má bàa bá eré náà. Ó ní òun ló rọ Nelson Piquet àgbà, bàbá ọmọ náà, pé kó ṣe sùúrù. Piquet àgbà ti wa ọkọ̀ fún Ecclestone ní Brabham rí, ó sì gba ife àgbáyé méjì níbẹ̀, lọ́dún 1981 àti 1983. Ecclestone tún fi kún un pé bí wọ́n bá tẹ̀ lé ìwé òfin ni, wọ́n ì bá ti fagi lé eré Singapore, Massa ni ì bá sì gba ife.

Ẹyin lohùn. Nígbà tí ariwo ta, Ecclestone ní òun ò rántí pé òun bá ẹnikẹ́ni sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi wúwo ni òfin FIA kan. Bí wọ́n bá ti pín ife fún àwọn tó jáwé olúborí níbi ayẹyẹ òpin ọdún, èsì ọdún náà ti di òkúta. Kò sẹ́ni tó lè yí i padà mọ́. Ayẹyẹ ọdún 2008 wáyé ní oṣù Kejìlá. Nígbà tí Piquet kékeré wá jẹ́wọ́ lọ́dún 2009, ilẹ̀kùn ti tì, gbogbo èèyàn sì gbà bẹ́ẹ̀, títí kan Massa. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé àwọn ọ̀gá ti mọ̀ kí oṣù Kejìlá tó dé, a jẹ́ pé ilẹ̀kùn ṣì wà ní ṣíṣí, àwọn tó di kọ́kọ́rọ́ mú kàn dúró síbẹ̀ ni, wọ́n ń wo aago.

Èyí kì í ṣe ẹnu Ecclestone nìkan. Láti ọdún 2009 ni ó ti hàn nínú ìwé FIA pé Piquet àgbà sọ ọ̀rọ̀ náà ní bòókẹ́lẹ́ fún Charlie Whiting, adarí eré, ní Interlagos ọdún 2008. Ní ìlú Massa! Ní òpin ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ń du ife lọ́wọ́!

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó

Níbi tí mo ti ń bá àwọn alátìlẹ́yìn Massa yapa nìyí. Bí a bá yọ Singapore kúrò pátápátá, àmì 6 Hamilton á lọ, Massa ò ní nǹkan kan tí yóò pàdánù: 97 sí 92, Massa gba ife. Ìyẹn ni wọ́n ń gbé kiri.

Ṣùgbọ́n ìjìyà tí wọ́n máa ń fún ẹgbẹ́ tó bá ṣe èrú ni pé kí wọ́n lé e jáde nínú eré, kí àwọn tó kù gun òkè. Bí wọ́n bá lé Alonso jáde, Rosberg á di ẹni àkọ́kọ́, Hamilton á di ìkejì, ó gba 8 dípò 6. Massa á kúrò ní ipò kẹtàlá bọ́ sí ìkejìlá, òdo náà ni. Hamilton 100, Massa 97. Ìjìyà tí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ó tọ́ sí Renault á tún mú Hamilton jìnnà sí i ni.

Bí a bá sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ìwé ọdún náà, a ò lè ṣí ojú ewé kan ṣoṣo. Ti Belgium ńkọ́? Bí wọn ò bá fi ìṣẹ́jú-àáyá 25 yẹn kún ti Hamilton, á ní 102, Massa á ní 95. Ti Fuji ní Japan ńkọ́, níbi tí wọ́n ti fìyà jẹ Sebastien Bourdais lẹ́yìn tí òun àti Massa kọ lu ara wọn, tí Massa fi gba àmì kan sí i?

Rọ́bà epo náà sì wà níbẹ̀. Ferrari ló tan iná ewé, kì í ṣe Renault. Èsì tí àwọn ẹgbẹ́ Massa máa ń fún èyí ni pé bí Piquet ò bá kọ lu ògiri, gbogbo wọn ò ní rọ́ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, ìkánjú ò ní sí, ẹni tó ń tẹ iná ò ní ṣì í tẹ̀. Òótọ́ ìdajì ni. Èmi gbà pé wọ́n ṣe Massa níkà. Pé òun ni ì bá gba ife, kò sẹ́ni tó lè búra.

Ohun tí adájọ́ gbà àti ohun tó kọ̀

Oṣù Kẹta ọdún 2024 ni Massa pe ẹjọ́ náà. Ní òpin oṣù Kẹwàá ọdún 2025, àwọn tí Massa pè lẹ́jọ́ lọ bá Adájọ́ Jay pé kó dà á nù kó tó dé ìgbẹ́jọ́: ẹjọ́ náà ti pẹ́ jù, Massa fúnra rẹ̀ ò wakọ̀ dáadáa lọ́dún náà, kò sì sí ilé ẹjọ́ tó lè pín ife eré ìje.

Lórí èyí tó kẹ́yìn, adájọ́ gbà pẹ̀lú wọn. Massa fẹ́ kí ilé ẹjọ́ kéde pé ká ní FIA ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ni, òun ni ì bá gba ife. Adájọ́ fa ìyẹn ya, ó ní ẹjọ́ yìí ò lè tún èsì ọdún 2008 kọ. Ẹ̀sùn pé FIA jẹ Massa ní gbèsè iṣẹ́ kan tí kò ṣe náà bá a lọ. Nítorí náà, kí ẹni tó bá ń bẹ̀rù fún Hamilton fọkàn balẹ̀: ife méje rẹ̀ ò ní di mẹ́fà. Kò sì sẹ́ni tó pe Hamilton lẹ́jọ́, kò sẹ́ni tó fi ẹ̀sùn kankan kàn án. Ayé tilẹ̀ ti yí débi pé òun ló ń wa ọkọ̀ Ferrari báyìí, láti ọdún 2025.

Èyí tó ṣẹ́ kù ni ẹ̀sùn pé wọ́n gbìmọ̀ pọ̀ láti bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ lọ́nà tí kò bófin mu, tí Massa sì tipa bẹ́ẹ̀ pàdánù owó. Adájọ́ ní Massa ní ohun gidi tó lè gbé lọ sí ìgbẹ́jọ́ lórí ìyẹn. Kò sọ pé ó jàre. Ó kàn ní kí wọ́n gbọ́ ọ ni. Ìgbìmọ̀ ìkọ̀kọ̀ kì í sì rọrùn láti fi hàn: ẹni tó bá fẹ́ fi hàn á gbọ́dọ̀ sọ ẹni tó sọ kí ni fún ta ni, níbo, àti ọjọ́ wo, pàápàá ọjọ́ wo.

Àwọn tó lè dáhùn ò pọ̀ mọ́. Whiting kú ní oṣù Kẹta ọdún 2019, ní Melbourne, ó ku ọjọ́ díẹ̀ kí eré àkọ́kọ́ ọdún náà bẹ̀rẹ̀. Mosley kú ní oṣù Karùn-ún ọdún 2021. Piquet àgbà wà, ọmọ rẹ̀ náà wà. Ecclestone pé ọmọ ọdún 95 ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, ọ̀sẹ̀ kan náà tí àwọn agbẹjọ́rò ń jiyàn níwájú Adájọ́ Jay lórí ohun tó ní òun ò rántí pé òun sọ.